Òòlù Tí Ń Dáhùn Lẹ́yìn Òkè

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. N kò bù kún un, n kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó ṣojú wọn ṣì wà láyé títí di ọjọ́ tí mo jókòó kọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí tí kò fi ẹnu kan ọtí rí. Èkejì jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó ti gbẹ̀bí ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀kẹta ni Oyèlẹ́yẹ fúnra rẹ̀, kì í sì í fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí ẹ bá bi í, yóò kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹni tó wà ní yàrá kejì gbọ́.

Oyèlẹ́yẹ ni ọ̀gá àwọn tí ń tún wáyà iná ṣe ní agbègbè Ìlá Ọ̀ràngún ní ọdún 1998. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni nígbà náà. Ó ga, ó gbẹ, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ogún ọdún ni ó ti fi ń gun òpó. Ó mọ gbogbo òpó tó wà láàrin Ìlá àti Òkè-Ìlá bí àgbẹ̀ ṣe ń mọ ebè oko rẹ̀.

Iná tó lọ sí Òkè-Ìlá gba orí òkè gbọọrọ kan kọjá. Orí-Afẹ́fẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ ń pè é. Àwọn tó kọ́kọ́ fa iná náà gba ibẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ló yá jù. Nígbà náà, igbó dúdú ṣì bo òkè ọ̀hún. Òjò mọ àkókò rẹ̀. Ìjì a máa jà, á ṣẹ́ ẹ̀ka igi díẹ̀, á kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run yí padà. Igbó tán lórí òkè. Ọyẹ́ wá ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń gbẹ òpó títí igi fi ń là. Òjò tó yẹ kó rọra wọlé wá ń já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìjì tí àwọn arúgbó ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1996, ìjì wó òpó mẹ́sàn-án lórí òkè náà. Wọ́n gbé wọn dìde. Ní ọdún 1997, ó wó mẹ́rìnlá.

Ti 1997 yìí ni kò jẹ́ kí ọkàn Oyèlẹ́yẹ balẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni Òkè-Ìlá fi wà nínú òkùnkùn. Ilé ìgbẹ̀bí kan wà níbẹ̀, Ẹfúnróyè ni nọ́ọ̀sì àgbà tó ń bójú tó o. Inú fíríìjì rẹ̀ ni gbogbo oògùn àjẹsára àwọn ọmọdé ìlú wà. Fíríìjì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Oògùn bàjẹ́. Kí wọ́n tó rí òmíràn, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún méjì, Ọmọ́táyọ̀ ni orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Oyèlẹ́yẹ dá iná padà, wọ́n gbé omi fún un mu nílé ìgbẹ̀bí. Ọmọ náà wà lórí ẹní, ìyá rẹ̀ gbé e wá kí nọ́ọ̀sì wò ó. Gílóòbù tàn. Ọmọ náà rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí wọ́ lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ náà ti balẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé ara rẹ̀ bí ẹni gbé ẹrù.

Oyèlẹ́yẹ gbé ife sílẹ̀.

Ẹfúnróyè kò bú u. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Ọ̀gá Oyèlẹ́yẹ, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé yóò tún wó lọ́dún tó ń bọ̀?"



*

Nígbà tí oṣù kìíní ọdún 1998 wọlé, ó pinnu pé òun kì yóò dúró de ìjì mọ́. Òun yóò yẹ gbogbo òpó orí òkè náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú Sàlámì dání. Ọmọ Ìlá ni Sàlámì, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kò sí ẹni tó mọ òpó gùn tó o láàrin àwọn òṣìṣẹ́ wọn.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ òpó wò kò le. Èèyàn á fi òòlù kan ìdí igi. Bí inú igi bá le, á dún: kọ́. Bí ikán tàbí ọ̀rinrin bá ti jẹ ẹ́, á dún: bù, bí ẹni gbá àpò èlùbọ́.

Òwúrọ̀ ni wọ́n dé ibẹ̀. Ọyẹ́ bolẹ̀ funfun. Èèyàn kò lè rí òpó kẹta láti ìdí èkíní. Kò sí ẹyẹ tó ń ké. Ewéko gbẹ débi pé ìgbésẹ̀ wọn ń dún bí ẹni ń jẹ gúgúrú.

Oyèlẹ́yẹ kan òpó èkíní. Kọ́.

Kẹ́kẹ́ pa.

Lẹ́yìn náà, láti òdìkejì òkè, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún: kọ́.

"Gbohùngbohùn ni," Sàlámì wí.

Oyèlẹ́yẹ gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ sí èkejì. Ó kàn án. Bù. Wọ́n dúró. Kò sí ìró kankan. Sàlámì fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ àmì sí i lára pé kò dára.

Ẹ̀kẹta dún kọ́. Láti ìsàlẹ̀, ó dáhùn: kọ́. Ẹ̀kẹrin dún bù. Kò sí èsì.

Sàlámì ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé. "Ọ̀gá, gbohùngbohùn kì í yan èyí tí yóò dáhùn."

"Máa kọ àmì rẹ," ni Oyèlẹ́yẹ fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ́ra.

Ẹ̀karùn-ún le. Etí méjèèjì gbọ́ ọ. Kọ́. Wọ́n dúró de èsì. Ìsàlẹ̀ dákẹ́. Oyèlẹ́yẹ tún un kàn. Kọ́. Ìsàlẹ̀ dákẹ́.

Wáyà kan ti ń já lókè òpó náà, ó yẹ kí wọ́n dì í. Sàlámì ti fi bẹ́líìtì rẹ̀ kọ́ òpó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kúrò nílẹ̀.

"Sọ̀ kalẹ̀," ni Oyèlẹ́yẹ wí.

"Ọ̀gá, igi yìí le."

"Mo gbọ́. Sọ̀ kalẹ̀ ná."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Oyèlẹ́yẹ mú ọkọ́, ó wa ìdí òpó náà bí ìwọ̀n apá kan wọlẹ̀. Ó fi ìka kan igi. Ìka wọlé. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ wọlé dé ìgbọ̀nwọ́. Èèpo nìkan ló kù. Ikán ti jẹ gbogbo inú rẹ̀ tán nísàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí òòlù kò lè mọ̀.

Sàlámì wo òkè òpó náà, ibi tí òun ì bá wà. Ó ní, "Sùbùhánálláhì."

Òpó méjìlélógún ni wọ́n kàn lórí Orí-Afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà. Mẹ́fà péré ni ìsàlẹ̀ dá lóhùn. Nígbà tí wọ́n kan èyí tó kẹ́yìn, Oyèlẹ́yẹ ki òòlù bọ àpò. Wọ́n ń palẹ̀ mọ́.

Kọ́.

Wọ́n wo ara wọn. Òòlù wà nínú àpò.

Kọ́, ó tún dún, ṣùgbọ́n ó ti sún síwájú díẹ̀. Ó dúró bí ìgbà tí èèyàn rìn àádọ́ta ìṣísẹ̀. Kọ́. Ó tún sún. Bí oníṣẹ́ iná ṣe ń ti òpó dé òpó gan-an ni. Àfi pé kò sí òpó kankan nínú àfonífojì yẹn. Kò sí rí. Oko kòkó àti igbó ló wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá," ni Sàlámì wí, "ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó sáré. Kò sì sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn.

*

Oyèlẹ́yẹ kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù kì í bà. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun kò lè jẹ iyán tí ìyàwó òun gún lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ń jẹ ẹ́ ju ẹ̀rù lọ. Àfonífojì yẹn wà lẹ́yìn àpáta ńlá. Ìjì kì í débẹ̀. Gbogbo ogún ọdún tó ti fi ń gun òpó lórí òkè, kò ronú kan ibẹ̀ rí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ó ti so èèkàn tí wọ́n fi ń sàmì ojú ọ̀nà òpó pọ̀, ó gbé wọn lé èjìká. Ó bá Sàlámì tó ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti àdá.

"N kò ní kí o bá mi lọ," ni Oyèlẹ́yẹ wí.

"Mo mọ̀, Ọ̀gá." Sàlámì gba ìdajì èèkàn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dé ẹsẹ̀ òkè, ó bẹ̀rẹ̀. Kọ́. Iwájú wọn ni. Wọ́n tọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó ti dún, kò sí nǹkan. Ekuru ọyẹ́ wà lórí ewé, kò sẹ́ni tó fara kàn án. Kò sí ipa ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn kan wà níbẹ̀ tí àwọn méjèèjì mọ̀ dáadáa: òórùn ọ̀dà tí wọ́n fi ń pa òpó tuntun. Ó dúró sójú kan bí èéfín tí kò rí afẹ́fẹ́. Oyèlẹ́yẹ kan èèkàn mọ́ ibẹ̀.

Kọ́, níwájú.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé e. Ó mú wọn gba ìdí àpáta. Ó mú wọn yí ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ wà níwájú wọn, ibi tí ọ̀nà ì bá gbà tààrà. Ìró náà kò gba ibẹ̀. Ó yà sọ́tùn-ún, ó gun gegele kan, ó tún sọ̀.

"Kí ló dé tí kò gba ilẹ̀ títẹ́ yìí?" Sàlámì bi í.

Oyèlẹ́yẹ wo odò náà. Odò ti gbẹ, òkúta rẹ̀ hàn síta. "N kò mọ̀," ló wí. "Kan èèkàn rẹ síbi tó wí."

Láàrin oko kòkó ni bàbá arúgbó kan ti jáde sí wọn, tòun ti àdá lọ́wọ́. Babáyẹmí ni, òun ló ni oko náà. Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ti ń kan nǹkan lóko mi látọjọ́ yìí?"

"Àwa kọ́, bàbá," ni Oyèlẹ́yẹ wí. "Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ?"

Bàbá náà fi àdá rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó lé gbòǹgbò igi. "Láti ọdún tí òpó kọ́kọ́ wó lókè ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo ní ẹyẹ àkókó ni. Ṣùgbọ́n àkókó kì í sinmi kó tó tún kàn. Èyí ń sinmi. Bí ẹni tó ń tẹ́tí ni."

"Ẹ ò rí ẹnì kan?"

"Mo wá a. Nígbà tó yá, n kò wá a mọ́." Ó wo èèkàn tó wà lọ́wọ́ wọn. "Kí lẹ fẹ́ fi ìwọ̀nyí ṣe?"

Oyèlẹ́yẹ sọ ọ́ fún un láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní bí iná bá gba ibí, ìjì kò ní lè wó o bọ̀rọ̀. Ó ní igi kòkó mẹ́tàlélógójì ló wà lójú ọ̀nà, wọn yóò sì ní láti lọ.

"Ilé ìgbẹ̀bí Ẹfúnróyè niná náà ń lọ?"

"Ibẹ̀ ló ń lọ, bàbá. Ibẹ̀ àti gbogbo ìlú."

Babáyẹmí dìde. Ó fi ọwọ́ ra igi kòkó kan. "Ẹ fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta," ló wí.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n padà wá. Igi mẹ́tàlélógójì ti wà nílẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nigínnigín. Bàbá náà jókòó, ọwọ́ rẹ̀ bó. Oyèlẹ́yẹ ní àwọn ì bá bá a gé e. Babáyẹmí mi orí. "Igi tí mo fọwọ́ ara mi gbìn, ẹlòmíràn kọ́ ni yóò gé e."

*

Èèkàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kàn. Oyèlẹ́yẹ jókòó, ó kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní olú ìlú. Ó ka gbogbo ìjì ọdún márùn-ún sínú ìwé náà, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti fẹ́ wá, àti òpó tí ó wó. Ó ní ojú ọjọ́ ti yí, òpó náà sì gbọ́dọ̀ yí. Kò kọ ọ̀rọ̀ òòlù sí i. Ìwé kò gba irú ìyẹn.

Wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n kó òpó àti wáyà wá. Ṣùgbọ́n wọn kò ní òṣìṣẹ́ tí yóò gbẹ́ ihò kí òjò tó dé.

Ẹfúnróyè gbọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láàrin méjèèjì, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn abọrẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "Gbogbo yín ni mo gbẹ̀bí ọmọ yín. Ọkọ́ nìkan ni mo fẹ́ yá." Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọgọ́ta ọkùnrin àti obìnrin mọ́kàndínlógún ló wà nínú àfonífojì náà. Babáyẹmí wà níbẹ̀, wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó.

Wọ́n ń kọrin bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ihò èkíní. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni Oyèlẹ́yẹ ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, tórí ti òkè kò ju mẹ́rin lọ. Ilẹ̀ ọyẹ́ nìyẹn, ó yẹ kó le bí amọ̀ tí wọ́n sun. Kò le. Ọkọ́ ń wọlé bí ẹni wa ebè. Bí ihò ti ń jìn, ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé òun ti kan òkúta.

Oyèlẹ́yẹ sọ̀ sínú ihò. Òkúta ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkúta tó kàn wà níbẹ̀. Wọ́n tò ó ni. Wọ́n tò ó ká, ọ̀kan lórí èkejì, wọ́n fi wẹ́wẹ́ di àárín ńlá, bí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ṣe ń to òkúta yí ìdí òpó ká kí ó má baà mì. Wọ́n fi àlàfo òbíríkítí sílẹ̀ láàrin. Oyèlẹ́yẹ fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n ìdí òpó gan-an ni. Òkúta náà tutù, omi ń sun lára rẹ̀, nínú ọyẹ́.

Ó gòkè wá. Orin ti dá.

"Bàbá," ó bi Babáyẹmí, "ta ló gbẹ́lẹ̀ níbí rí?"

"Kò sí. Bàbá mi ló kọ́kọ́ ṣán igbó yìí. Igbó kìjikìji ló bá a. Èmi ni mo gbin kòkó lé e."

Wọ́n lọ sí èèkàn kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹfà, àwọn kan ti gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Ọkùnrin kan ní òun kò lè gbé òpó sínú ihò tí òun kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Àwọn mìíràn ń kùn sí i. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ló wà lọ́kàn Oyèlẹ́yẹ náà.

Ẹfúnróyè ló bọ́ síwájú. Ó káṣọ rẹ̀ sókè, ó wo inú ihò náà fún ìgbà pípẹ́.

"Iṣẹ́ yìí dára," ló wí. "Ẹ wo bó ṣe dọ́gba. Ẹni tó ṣe èyí kò ṣe é fún ibi. Ẹni tó bá ṣe wá lóore, tí kò fẹ́ ká mọ òun, ẹ má ṣe fi ìbéèrè lé e lọ."

Ó gbá okùn òpó mú. Obìnrin méjì dìde tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin náà dìde, ojú ń tì wọ́n.

Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ihò, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ní òkúta. Bí òpó kọ̀ọ̀kan bá ti wọlé, á dúró ṣánṣán. Kò sí èyí tí wọ́n tún tì. Oyèlẹ́yẹ ti ri òpó ní ọ̀pọ̀ ibi, láti Ọ̀tan Ayégbajú títí dé Ìrèsì, kò rí ibi tí igi ti wọlẹ̀ báyìí, bí ẹni tó padà sílé. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lábẹ́lẹ̀, òun kò sì mọ ẹni tí òun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

*

Oṣù kẹrin ni ìjì náà dé. Agogo mẹ́rin ọ̀sán ni. Oyèlẹ́yẹ àti Sàlámì wà nílé ìgbẹ̀bí, wọ́n wá so wáyà fíríìjì tuntun. Obìnrin kan ń rọbí ní yàrá inú.

Ojú ọ̀run kọ́kọ́ di pupa. Lẹ́yìn náà ó dúdú. Àwọn ewúrẹ́ sá wọ abẹ́ àjà. Gbogbo nǹkan dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, débi pé wọ́n ń gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń mí.

Lẹ́yìn náà ló dé. Wọn kò rí irú rẹ̀ rí, wọn kò sì tíì rí irú rẹ̀ títí di òní. Páànù ilé ẹ̀gbẹ́ ṣí, ó fò kọjá lójú fèrèsé bí ìwé. Igi ìrókò kan tó ti wà láti ayé baba ńlá wọn wó, ilẹ̀ sì mì tìtì. Òjò kò rọ̀ bí òjò, ó ń rọ́ lulẹ̀.

Oyèlẹ́yẹ dúró lábẹ́ gílóòbù. Ó ń wò ó. Ó ń retí kó kú.

Kò kú. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Ẹfúnróyè yọ orí síta láti yàrá inú, ọwọ́ rẹ̀ nínú ìbọ̀wọ́. "Ṣé yóò dúró?" ló bi í. "Orí ọmọ ti ń yọ."

Kí Oyèlẹ́yẹ tó la ẹnu, wọ́n gbọ́ ọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́ ọ, láàrin ariwo ìjì, kedere bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́. Ó dúró. Kọ́. Ó ń bọ̀ láti ọ̀nà àfonífojì, láti òpó dé òpó. Kò yára. Kò lọ́ra. Bí ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó dé ìdí òpó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí, ó kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Páànù orí ilé gbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ.

Sàlámì ti kúnlẹ̀. Ó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀.

"Yóò dúró, mà," ni Oyèlẹ́yẹ wí.

Nọ́ọ̀sì náà padà wọlé. Kò pẹ́ tí ọmọ ké. Ọkùnrin ni.

*

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Oyèlẹ́yẹ àti Sàlámì rin gbogbo ojú ọ̀nà iná náà láti òpin dé òpin. Oòrùn ràn. Ilẹ̀ ń rú èéfín. Wọ́n gbójú sókè wo Orí-Afẹ́fẹ́. Òpó mẹ́fà tó le, tí wọ́n ṣì fi sílẹ̀ níbẹ̀ láìsí wáyà, kò sí èyí tó dúró. Ẹ̀gbẹ́ òkè kan tilẹ̀ ti ya lulẹ̀, ilẹ̀ pupa ń hàn bí egbò. Nísàlẹ̀, odò ti kún bo ilẹ̀ títẹ́ tí ìró náà kọ̀ láti gbà. Orí igi nìkan ló ń yọ lójú omi. Sàlámì dúró wò ó pẹ́. 

Òpó inú àfonífojì dúró, gbogbo wọn. Wáyà wọn ń dán nínú oòrùn. Oyèlẹ́yẹ ń fi ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ti ń kọjá, bí bàbá ṣe ń fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ rẹ̀.

Nítòsí òpó kọkàndínlógún ni Sàlámì ti dúró lójijì. "Ọ̀gá," ló wí. "Ẹ wò ó."

Òpó kan wà lápá òsì wọn. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà bí ìwọ̀n àádọ́ta ìṣísẹ̀, ó kọjú sí igbó. Àwọn kọ́ ló rì í. Kò sí òpó tó ṣẹ́kù nínú èyí tí wọ́n kó wá. Igi rẹ̀ dúdú, ó tọ́, kò sí ẹni tó mọ irú igi tó jẹ́ títí dòní. Àwo funfun tí wáyà ń jókòó lé wà lórí rẹ̀, mẹ́ta, ó mọ́ tónítóní. Kò ní wáyà. Òórùn ọ̀dà tuntun ń ti ara rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n koríko ti hù yí ìdí rẹ̀ ká, ó ti ta gbòǹgbò, bí ẹni pé ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí òpó náà ti wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gba ibẹ̀ kọjá ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kò sí òpó kankan níbẹ̀.

"Níbo ló ń lọ?" ni Sàlámì bi í. "Kò sí ilé lápá ibẹ̀. Kò sí oko."

Oyèlẹ́yẹ ṣí fìlà rẹ̀. Ó rìn lọ sí ìdí òpó náà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó ní ó gbóná díẹ̀, bí ara èèyàn. Ó wo ọ̀kánkán ibi tó kọjú sí. Igbó ni, lẹ́yìn igbó òkè ni, lẹ́yìn òkè kò sí nǹkan tí ojú lè rí. Ó wá rí i pé níwájú, bí àádọ́ta ìṣísẹ̀ sí i, koríko ti tẹ́ sílẹ̀ ní òbíríkítí kékeré kan, ìwọ̀n ìdí òpó.

Wọn kò so wáyà mọ́ ọn. Wọn kò sì hú u. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ a máa kí i bí wọ́n bá ń kọjá, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Títí di ìgbà tí mo dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn, ó ṣì kọjú sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí, ó ń dúró de àwọn tí yóò wá kọ́lé síbẹ̀.